Daimon kì í ṣe ẹ̀mí burúkú lẹ́nu àwọn Gíríìkì àtijọ́

A máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn oníwàásù àti lórí YouTube pé ẹ̀mí burúkú làwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pè ní daimon, pé ẹ̀mí èṣù ló sì ń darí Socrates, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Athens. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nínú Iliad, ewì ogun tí Homer kọ, òrìṣà obìnrin Athena fa irun jagunjagun Achilles látẹ̀yìn kó má bàa pa Agamemnon olórí ogun. Nígbà tó ṣe tán, ó padà sí Olympus, ó lọ bá àwọn daimon yòókù nílé Zeus, olórí àwọn òrìṣà. Àwọn òrìṣà ni Homer ń wí. Hesiod, akéwì Gíríìkì mìíràn, ní tirẹ̀ sọ pé nígbà táwọn èèyàn ìgbà wúrà, ìran àkọ́kọ́ láyé, kú, wọ́n di daimon tó ń ṣọ́ ọmọ aráyé. Báwọn Gíríìkì bá jẹun tán níbi àsè, wọ́n á ta wáìnì tí wọn ò bomi là sílẹ̀ fún Daimon Rere. Lóòótọ́, daimon lè ba ilé èèyàn jẹ́, ṣùgbọ́n ta ni ò mọ̀ pé òrìṣà náà ń bínú?

Ti Socrates ló ká mi lára jù. Lọ́dún 399 ṣáájú ìbí Kristi, wọ́n fẹ̀sùn kàn án ní Athens pé ó ń kó daimonia tuntun wọ̀lú, ìyẹn àwọn ohun tó jẹ mọ́ daimon. Plato ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ọ́ pé Socrates ní láti kékeré ni ohùn kan ti ń bá òun sọ̀rọ̀. Ohùn náà kì í rán an níṣẹ́, ṣe ló máa ń dá a lẹ́kun bó bá fẹ́ ṣe ohun tí kò tọ́. Nígbà tí wọ́n dájọ́ ikú fún un, ó sọ fáwọn adájọ́ tó gbè é pé ohùn náà ò dá òun dúró nígbà tóun ń jáde nílé láàárọ̀, kò dá òun dúró nígbà tóun ń wọ kóòtù, kò sì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu òun. Nítorí náà, ikú tó ń bọ̀ ò lè jẹ́ ibi. Ẹ̀mí tó ń dáni lẹ́kun àṣìṣe lẹ wá ń pè ní èṣù!

Àwọn Júù tó tú Ìwé Mímọ́ sí èdè Gíríìkì ló yí i padà. Nínú Sáàmù 96:5, daimonia ni wọ́n pe òrìṣà àwọn orílẹ̀-èdè. Ìyẹn làwọn tó kọ Ìhìn Rere bá nílẹ̀, tí Bíbélì Yorùbá fi kọ “ẹ̀mí èṣù.” Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17:18. Ọ̀rọ̀ kan náà làwọn ará Athens fi bá Pọ́ọ̀lù wí, “àjèjì òrìṣà” sì ni Bíbélì wa kọ síbẹ̀, nítorí ará Athens ló ń sọ̀rọ̀.