Red Bull ra Newcastle: kí wọ́n kọ́kọ́ kó owó oṣù sílẹ̀

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Red Bull, àwọn ará Austria tí gbogbo wa mọ agolo wọn, ra ẹgbẹ́ rọ́gíbì Newcastle Falcons nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù kẹjọ ọdún 2025, wọn ò fi ọ̀rọ̀ orúkọ falẹ̀ rárá. Kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, Falcons ti di Newcastle Red Bulls. Ẹgbẹ́ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń sá kúrò nínú rẹ̀ ti wá di ẹgbẹ́ tó ń na owó síni. Ẹni tó bá ń lọ wòran ní Kingston Park, pápá ẹgbẹ́ náà, ṣáájú ìgbà náà mọ ohun tí ojú rí. Guy Pepper, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn, gba ẹgbẹ́ Bath lọ ní 2024, kò sì pẹ́ tó fi wọ jẹ́sì England. Adam Radwan àti Jamie Blamire tẹ̀lé e jáde, ẹgbẹ́ Leicester ni wọ́n forí lé. Semore Kurdi ló ń náwó lé ẹgbẹ́ náà lórí láti 2011, a sì gbọ́dọ̀ kí i kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó hàn pé apá ẹnì kan ṣoṣo kò lè ká a mọ́.

A kì í ṣe ọ̀tá Red Bull. Ó dáa kí wọ́n wá. Ohun tí a ń sọ ni pé kí RFU, àjọ tó ń ṣàkóso rọ́gíbì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe é lófin pé olówó yòówù tó bá fẹ́ gba agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó owó oṣù ẹni náà, láti ọjọ́ tó tọwọ́ bọ̀wé títí dé ọjọ́ tí àdéhùn rẹ̀ máa parí, sí báńkì níbi tí ọwọ́ olówó fúnra rẹ̀ kò ti ní tó o mọ́. Kí ó kan Red Bull, kí ó sì kan gbogbo ẹgbẹ́ mẹ́wàá tó wà ní líìgì rọ́gíbì tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Newcastle gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè fún irú òfin bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1995, ọdún tí rọ́gíbì di iṣẹ́ owó, Sir John Hall tó ni Newcastle United ra ẹgbẹ́ rọ́gíbì ìlú náà mọ́ ọn. Ó fa agbábọ́ọ̀lù Rob Andrew jáde kúrò ní ẹgbẹ́ Wasps, ó gbé Va'aiga Tuigamala wá láti ẹgbẹ́ Wigan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jonny Wilkinson sì bá wọn dé. Ní 1998 wọ́n gba líìgì. Ní 1999 Sir John Hall ti fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Láti ìgbà náà wọn ò gba líìgì ọ̀hún mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì já bọ́ kúrò nínú rẹ̀, ní 2012 àti 2019.

Àwa náà mọ bó ṣe máa ń rí nílé. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Leventis United Ìbàdàn gba líìgì Nàìjíríà ní 1986. Nígbà tó di 1987, ilé iṣẹ́ tó ni ín ti ká ẹgbẹ́ náà nílẹ̀ bí ẹní.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún kan péré, 2022 sí 2023. Nínú àwọn ẹgbẹ́ líìgì rọ́gíbì náà, Worcester ló kọ́kọ́ wó. Wasps tẹ̀ lé e: ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá 2022, ènìyàn 167 ni wọ́n sọ fún pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, agbábọ́ọ̀lù àti akọ́nimọ̀ọ́gbá, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ tí orúkọ wọn kì í jáde nínú ìwé ìròyìn. Lóṣù kẹfà 2023, ó kan London Irish. Ipò karùn-ún ni wọ́n ṣe ní sáà náà, wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ tí ẹsẹ̀ wọn yá. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan ní àwọn máa rà á. Wọ́n dúró títí, owó ò dé, RFU sì lé e kúrò nínú líìgì. Tom Pearson di ará Northampton, Ollie Hassell-Collins gba Leicester lọ, Henry Arundell ré kọjá sí Faransé.

Àwọn yẹn rí ibi lọ. Jack Willis náà ríbi lọ lẹ́yìn tí Wasps wó, ẹgbẹ́ Toulouse ní Faransé ló gbà á, ó sì bá wọn gba ife ẹ̀yẹ Yúróòpù ní 2024. Àmọ́ òfin RFU ni pé ẹni tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun kò lè gbá fún England, àfi nígbà tí ọ̀ràn bá le gan-an. Wọ́n yọ̀ǹda fún un ní sáà tí Wasps wó. Nígbà tó pinnu láti dúró sí Toulouse, ilẹ̀kùn tì. Ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ já àdéhùn, agbábọ́ọ̀lù ló wá ń jẹ ìyà rẹ̀. A ò rí ibi tí ìdájọ́ òdodo wà nínú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa ju bí àwọn kan ṣe rò lọ. Ìbàdàn ni wọ́n bí Adedayo Adebayo tó gbá fún Bath àti England. Temitope Ojo, tí wọ́n ń pè ní Topsy, wọ jẹ́sì London Irish nígbà 301. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbá fún England, ní Auckland lọ́dún 2008, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà àwọn New Zealand. Ẹgbẹ́ tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ sìn ni wọ́n wá pa dé lójú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó wà nílé ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, tí àwọn tó ń wá ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bàbá àti ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè béèrè pé: owó ọdún kejì ńkọ́, níbo ló wà? Kò yẹ kó jẹ́ ìtìjú láti béèrè.

Àwọn kan yóò ní irú òfin yìí á lé olówó sá. Ó ṣeé ṣe. Ẹni tó máa lé sá ni ẹni tó jẹ́ pé owó ọdún àkọ́kọ́ nìkan ló ní, tó sì ń retí pé onígbọ̀wọ́ kan á yọjú kí ọdún kejì tó pé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù ní àdéhùn ọdún kan, kí kálukú mọ ibi tóun dúró sí. Iye tí ẹgbẹ́ kan lè ná sórí owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù jẹ́ mílíọ̀nù 6.4 pọ́ùn lọ́dún, láìka àwọn àfikún tí òfin fàyè gbà. Ti ọdún mẹ́ta kò ju ohun tí Red Bull lè kó sílẹ̀ lọ.

Líìgì yìí mọ bí wọ́n ṣe ń mú ẹni tó náwó jù. Ẹgbẹ́ Saracens san owó ìtanràn tó lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́ùn, wọ́n sì tì í lọ sí ìpele kejì ní 2020. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣèlérí owó tí kò ní, wọn kì í mọ̀ ọ́n títí oṣù á fi parí tí owó ò ní wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Onígbọ̀wọ́ máa ń lẹ orúkọ mọ́ jẹ́sì, tí àkókò rẹ̀ bá pé á yọ ọ́ kúrò. Onígbọ̀wọ́ tó di onílé, ohun tó wù ú ló lè ṣe. Ní Salzburg, ní Austria, lọ́dún 2005, Red Bull ra ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ìlú náà, wọ́n sì pa àwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń dá ẹgbẹ́ náà mọ̀ rẹ́. Ohun tí ìròyìn sọ pé wọ́n fi ń tu àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà lójú ni pé ìbọ̀sẹ̀ aṣọ́lé lè ṣì ní àwọ̀ yẹn lára. Àwọn èèyàn náà bínú, wọ́n lọ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ní Jámánì, nítorí òfin bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ò gba kí wọ́n fi orúkọ ilé iṣẹ́ sọ ẹgbẹ́, wọ́n dá ọgbọ́n, wọ́n fi lẹ́tà RB nìkan sọ ẹgbẹ́ wọn ní ìlú Leipzig. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sẹ́ni tó dá wọn dúró.

Orúkọ ti lọ, ó ti lọ náà nìyẹn. Kí Red Bull wá sọ fún àwọn ará Newcastle ní gbangba, iye ọdún tí owó wọn wà fún. Kí RFU gba ìwé báńkì lọ́wọ́ wọn, àti lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án yòókù, kí wọ́n tó fọwọ́ sí orúkọ agbábọ́ọ̀lù kankan fún sáà tó ń bọ̀.