Wọ́n Ní Ó Wúwo, Kò Lè Lọ Ibì Kankan

Inú ń bí mi, mi ò sì ní pa á mọ́ra. Ta ló fi yé àwọn èèyàn pé bẹ́líìtì wíǹṣì (ẹ̀rọ tó ń ká bẹ́líìtì láti fa nǹkan) nìkan ti tó láti fi gbé ọkọ̀ ojú omi rin títì márosẹ̀? Ẹ ó wà lẹ́yìn wọn nínú mọ́tò yín, ẹ ó máa wo ìdí ọkọ̀ tó ń fò sókè tó ń balẹ̀ gbì lórí tírélà tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò nígbàkígbà tí táyà bá wọ kòtò. Ẹ wá bá wọn sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti dúró ra epo, ẹ ó gbọ́ èsì: "Ó wúwo, kò lè lọ ibì kankan."

Kò lè lọ ibì kankan kẹ̀! Ìwúwo yẹn gan-an ni wàhálà. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, mọ́tò á dúró, tírélà á dúró, ọkọ̀ ojú omi ò ní gbọ́. Ẹ̀yìn orí ẹni tó ń wa mọ́tò ló ń bọ̀.

Iṣẹ́ wíǹṣì ni kó fa ọkọ̀ gun orí tírélà, kó sì fún imú rẹ̀ mọ́ rọ́bà iwájú. Irin kékeré kan báyìí ló há sáàárín eyín jíà rẹ̀ tí kò jẹ́ kó tú. Tí irin yẹn bá yọ̀, ó parí nìyẹn. Ìdí rèé tí ṣéènì fi gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, láti ara tírélà dé òrùka imú ọkọ̀, tí kò ní bá wíǹṣì da nǹkan kan pọ̀. Ṣéènì ọ̀hún kì í kúkú ṣaláìsí o! Ó so rọ̀ síbẹ̀, ó ti dípẹtà, kò sẹ́ni tó fi kọ́ nǹkan kan.

Ìdí ọkọ̀ wá ńkọ́? Bẹ́líìtì méjì ni, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, láti òrùka ìdí ọkọ̀ wá sára férémù tírélà. Ṣé ẹni tó ta tírélà olówó gọbọi fún yín fi wọ́n kún un? Rárá o. Ẹ bi í, ó ní okùn pọ̀ lọ́jà.

Okùn! Okùn náílọ́ọ̀nù tó ń fà bíi rọ́bà. Ẹ fún un pinpin láàárọ̀, kí òjò tó dá, ó ti dẹ̀. Wọ́n á tún ta á ní kókó lórí kókó, bẹ́ẹ̀ ìdí kókó ni okùn ti sábà máa ń já.

Àwọn tó ra bẹ́líìtì gidi pàápàá ò jẹ́ n sinmi. Mo rí ọ̀kan tí etí irin tírélà ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀, òwú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti yọ síta, oòrùn ti sọ ọ́ di funfun, ẹni tó ni ín ṣì ń fà á le. Ó ní 3,000 kílò ni wọ́n kọ sára páálí. Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀n tó máa mú kó já nìyẹn! Èyí tí ẹ lè gbé lé e sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ìyẹn nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Ẹlòmíì sì wà tó máa fún tirẹ̀ títí ara ọkọ̀ tí wọ́n fi fáíbà ṣe á fi sán, àfi bíi pé ìjà ló bá ọkọ̀ jà. (Èmi ò mọ èwo ló burú jù nínú àwọn méjèèjì.)

Bẹ́líìtì máa ń dẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti jókòó dáadáa. Lẹ́yìn kílómítà díẹ̀, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ fọwọ́ tẹ gbogbo rẹ̀ wò. Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, àwọn kan náà yìí ni yóò máa fọn fèrè lé mi lórí bí wọ́n ṣe ń kọjá, ìdí ọkọ̀ tiwọn ń jó lẹ́yìn wọn. Ẹ máa fọn ọ́n lọ. Ẹ ṣáà má sún mọ́ mi.