Ẹ̀dà Wo Lẹ Wò?

Tẹ́ ẹ bá lọ ṣèèṣì wí láàárín àwọn tó ka ara wọn sí ọ̀mọ̀wé fíìmù pé ẹ fẹ́ràn Blade Runner, fíìmù 1982 nípa ọlọ́pàá tó ń dọdẹ àwọn èèyàn àtọwọ́dá, wọn ò ní bi yín pé kí ló dùn mọ́ yín níbẹ̀ o, ẹ̀dà wo lẹ wò ni wọ́n máa bèèrè. Kẹ́ ẹ wá fẹnu ara yín sọ pé èyí tí Harrison Ford, olórí òṣèré ibẹ̀, ti ń ṣàlàyé ìtàn fúnra ẹ̀ ni, ẹ gbé! Wọ́n á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀, wọ́n á wá rọra sọ fún yín pé ẹ ò tíì wo Blade Runner rárá.

Fásọ́ọ̀nù tó wà lóde nìyẹn. Kéèyàn wo fíìmù kó gbádùn ẹ̀ ò tó nǹkan kan mọ́, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ìjà tí wọ́n jà lẹ́yìn kámẹ́rà, kó mọ ẹni tó jẹ̀bi, kó sì gbè sẹ́yìn dírẹ́tọ̀, torí dírẹ́tọ̀ kì í jẹ̀bi láéláé. Ridley Scott, dírẹ́tọ̀ Blade Runner, lẹni tí Ọlọ́run fi ìran hàn, àwọn tó kówó sílẹ̀ ni ọ̀tá, àwọn yòókù kàn wá bá wọn gbé iná ni.

Ẹ jẹ́ á wo ìran yẹn dáadáa. 1981 ni, nínú ọgbà Warner Bros. ní Burbank, òru ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, òjò àtọwọ́dá ń pa wọ́n, èéfín gbabẹ̀ kan, ọ̀gá sì ń ní kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n tún un ṣe. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Scott, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ya fíìmù ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ló bá lọ sọ fún ìwé ìròyìn kan nílùú wọn pé àwọn òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló wu òun jù, torí tóun bá ti ní kí wọ́n ṣe nǹkan, "bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá" ni wọ́n máa ń sọ. Ìwé ìròyìn yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. Wọn ò dá iṣẹ́ sílẹ̀, wọn ò wá lọ́yà lọ, T-shirt ni wọ́n lọ tẹ̀! Wọ́n kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá, ìdí mi ni, èébú ni wọ́n fi ń dá a lóhùn, wọ́n sì wọ̀ ọ́ wá síbi iṣẹ́. Ẹ máa rò pé ọ̀gá á rẹ́rìn-ín kó fi wọ́n sílẹ̀, rárá o, òun náà lọ tẹ tiẹ̀, ó ní ìkórìíra àjèjì ò dáa. Àwọn àgbàlagbà o, owó ń ṣòfò nínú òjò, wọ́n ń fi aṣọ bú ara wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìran mímọ́ tí wọ́n ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ìran ẹnì kan kọ́ sì tún ni jàre. Hampton Fancher kọ ìwé eré náà títí, òun àti Scott ò gbọ́ra wọn yé mọ́, wọ́n gbé David Peoples wá tún un kọ. Ọ̀rọ̀ omijé nínú òjò tí Rutger Hauer, tó ṣe olórí àwọn èèyàn àtọwọ́dá náà, sọ kó tó kú nínú eré, èyí táwọn ọmọlẹ́yìn dírẹ́tọ̀ ti kọ́ sórí tán, Hauer fúnra ẹ̀ ló gé ọ̀rọ̀ gígùn inú ìwé kù tó fi gbólóhùn tiẹ̀ kún un. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni ìran dírẹ́tọ̀ wà lọ́jọ́ yẹn, ikọ́ ló máa gbé wọn.

Nígbà tówó kọjá ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, Bud Yorkin àti Jerry Perenchio tí wọ́n ṣe onídùúró pé fíìmù náà á parí gbà á lọ́wọ́ Scott, bí ìwé àdéhùn ṣe wí. Wọ́n gbé e fáwọn èèyàn wò ní Denver àti Dallas, àwọn yẹn ní kò yé àwọn. Ni wọ́n bá ní kí Ford wá máa ṣàlàyé, ó sì kà á bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun, wọ́n wá lẹ ìparí aláyọ̀ mọ́ ọn, àwòrán òkè àti igbó tó ṣẹ́ kù lára èyí tí Stanley Kubrick ní kí wọ́n yà fún fíìmù tiẹ̀, The Shining, ni wọ́n lọ tọrọ. Mo gbà, kò dáa. Àmọ́ ẹ̀dà tí ò dáa yẹn làwọn èèyàn wò nílé lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò lẹ́yìn tí fíìmù mìíràn, E.T., ti gba gbogbo èrò mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1982, òun ni wọ́n kọ́kọ́ yó ìfẹ́ ẹ̀, òun náà ni wọ́n ń tutọ́ sí lónìí.

Àwọn àgbà ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni, àgbà ò tíì rí àpótí DVD nígbà yẹn ni. Ní 1992 wọ́n gbé ẹ̀dà dírẹ́tọ̀ jáde, dírẹ́tọ̀ fúnra ẹ̀ ní kò tíì rí bóun ṣe fẹ́, ó di 2007 kí èyí tí wọ́n pè ní àṣekágbá tó dé, wọ́n wá kó ẹ̀dà márùn-ún sínú àpótí kan tà fún yín. Ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ ní ó ba fíìmù jẹ́ náà ló gbowó ìjà.

Ó wá ku ti Deckard, ọlọ́pàá tí Ford ṣe, ṣé èèyàn ni àbí replicant, ìyẹn èèyàn àtọwọ́dá. Scott ní replicant ni, Ford fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ pé èèyàn lòun ṣe. Ní 2017 wọ́n ṣe apá kejì, Ford wà nínú eré, Scott wà lára àwọn tó ṣe agbátẹrù ẹ̀, fíìmù náà sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti dáhùn. Àwọn oníjà ti jọ gbowó, wọ́n ti lọ sílé. Àwọn tí ò sí ní Burbank lọ́jọ́ náà ló kù tí wọ́n ṣì ń wọ T-shirt síra wọn.