Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà ò gba àwọn tó ń ran ẹrú lọ́wọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ kóòtù

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń rí káàkiri tó ń dùn mí. Wọ́n á ní bí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní 1861 báyìí, tàbí tó bá pẹ́ tán, 1 January 1863 tí Ààrẹ Lincoln buwọ́ lùwé òmìnira àwọn ẹrú, ẹni tó bá ti ran ẹrú lọ́wọ́ láti sá lọ ti bọ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè gbé e lọ kóòtù mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ìwé tí Lincoln kọ yẹn, àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba jà nìkan ló bá wí. Kentucky, Missouri, Maryland àti Delaware ń lo ẹrú o, ṣùgbọ́n wọn ò bá àwọn tó ń bá ìjọba jà yẹn ya kúrò, torí náà òfin ẹrú tiwọn dúró digbí. Lincoln ò fẹ́ kí Kentucky bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Kódà òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1850, èyí tó ní kí wọ́n máa mú ẹrú tó bá sá padà fún olówó ẹ̀, 28 June 1864 ni wọ́n tó fagi lé e. Ogun ti ń jà fún ọdún mẹ́ta ó lé nígbà yẹn.

Ẹ gbé ti Calvin Fairbank yẹ̀ wò. Oníwàásù ìjọ Methodist ni. November 1851 ó mú ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹrú, tó ń jẹ́ Tamar, kúrò ní Louisville ní Kentucky, wọ́n sọdá odò Ohio bọ́ sí Indiana tí wọn kì í ti lo ẹrú, wọ́n mú Fairbank, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ọdún 15 ní Frankfort ní Kentucky. Ogun bẹ̀rẹ̀, ó wà ńbẹ̀. Lincoln buwọ́ lùwé, ó ṣì wà ńbẹ̀, wọ́n ń nà án. Fúnra ẹ̀ ló ń ka ẹgba tí wọ́n nà án, ó ní ó jẹ́ 35,105. 1864 ni igbákejì gómìnà tó ń delé fún ọ̀gá ẹ̀ tó dárí jì í. Mandana Tileston, àfẹ́sọ́nà ẹ̀, ti kó wá sí ìpínlẹ̀ Ohio kó lè sún mọ́ ọn, ó sì dúró dè é ní gbogbo ọdún yẹn títí wọ́n fi ṣègbéyàwó.

Èyí tó wá ká mi lára jù ni ti Kọ́nẹ́ẹ̀lì William Utley, ọ́físà ṣọ́jà ìjọba àpapọ̀. November 1862, òun àti àwọn ṣọ́jà ẹ̀ láti Wisconsin wà ní Kentucky, ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adam bá sá wọ àgọ́ wọn. George Robertson ni olówó ẹ̀, bàbá yìí kì í ṣe ẹni kékeré, ó ti ṣe adájọ́ àgbà Kentucky rí. Ó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá sí àgọ́, ó ní kí wọ́n kó ẹrú òun fóun. Utley ní òun ò ní lé ọmọ náà jáde. Ẹ sì rántí pé March ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣòfin pé ọ́físà tó bá fi ṣọ́jà dá ẹrú padà, wọ́n máa lé e níṣẹ́. Tó bá dá Adam padà, ìjọba àpapọ̀ mú un, tó bá kọ̀, Kentucky fẹ̀sùn kàn án. Kí ló fẹ́ ṣe?

Robertson kọ̀wé sí Lincoln. Lincoln fèsì ní 26 November, ó ní tó bá lè fi Adam lé Utley lọ́wọ́ kí Utley sọ ọ́ di òmìnira, òun á san iye tó bá fẹ́, tí ò bá ṣáà ti ju 500 dọ́là lọ. Ààrẹ tó ku bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún kó buwọ́ lùwé òmìnira ló ń bẹ olówó ẹrú báyìí, torí òfin Kentucky wà lẹ́yìn bàbá yẹn. Bàbá kọ̀, kóòtù ló ń fẹ́. 1871, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tí ogun parí tí ẹnikẹ́ni ò sì lẹ́rú mọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà, kóòtù ṣì ní kí Utley san owó tó lé ní 900 dọ́là torí Adam. Ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ló padà san owó yẹn fún un.

Mi ò sọ pé ìwé Lincoln ò wúlò o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló tipasẹ̀ ẹ̀ bọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn tó fi ara wọn wewu ní Kentucky kò rí ààbò kankan nínú ẹ̀.

Ọ̀gágun John Palmer gan-an tó ń ṣe olórí ṣọ́jà ìjọba níbẹ̀ ní 1865, wọn ò fi sílẹ̀. Ó ń fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní páàsì kí wọ́n lè wọ ọkọ̀ lọ ibi tó bá wù wọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló fi sọdá odò Ohio. Lee, ọ̀gágun àwọn tó ń bá ìjọba jà, ti túúbá láti April, síbẹ̀ wọ́n pe Palmer lẹ́jọ́ ní Louisville, wọ́n ní ó ń ran ẹrú lọ́wọ́ láti sá kúrò ní ìpínlẹ̀. December ni adájọ́ tó da ẹjọ́ náà nù, torí àtúnṣe kẹtàlá sí ìwé òfin Amẹ́ríkà ti fòpin sí ẹrú níní, kò wá sẹ́ni tí wọ́n lè pè lẹ́rú ní Kentucky mọ́.