Ẹnu Dùn Ún Ròfọ́

Ọ̀rọ̀ kan ti sú mi: “Èmi ni mo kọ́kọ́ rò ó.” Bí ìwé ìtàn tuntun bá jáde, bí àwòrán ẹnì kan bá di ohun tí gbogbo ayé ń yìn, ẹ ó rí ẹni tí yóò mí kanlẹ̀ pé ó ti wà lọ́kàn òun tipẹ́. Àwọn àgbà ti dá irú wọn lóhùn: ẹnu dùn ún ròfọ́. Ọbẹ̀ tí a fi ẹnu sè kì í jóná, iyọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ yó rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò mi kan wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti jí iṣẹ́ mi.” Ọdún mẹ́rin ló ti ń sọ fún wa nípa ìtàn tó fẹ́ kọ fún àwọn ọmọdé, ìtàn odò tó gbàgbé ọ̀nà òkun. Ká sòótọ́, ìtàn náà dùn létí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló wá kọ ohun tó jọ ọ́, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ní kó gbé tirẹ̀ wá ká fi wéra. Kò ní ojú ewé kan ṣoṣo. Kí wá ni wọ́n jí?

Òfin gan-an kò ní gbè é. Àdéhùn TRIPS, èyí tó dá lórí ẹ̀tọ́ ẹni lórí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀, tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 1994, sọ ọ́ ní abala 9 pé ohun tí a fi èrò ṣe ni òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà ń dáàbò bò, kì í ṣe èrò fúnra rẹ̀.

Irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ a ní èrò àwọn kò tíì gún. Ta ló sọ fún yín pé inú orí ni èrò ti ń gún? Àìmọye ènìyàn ló ti ronú àtifò bí ẹyẹ kí wọ́n tó bí Wilbur àti Orville Wright. Àwọn ọmọ ìyá méjì yìí, tí wọ́n ń ṣe kẹ̀kẹ́ tà, kan àpótí kan ní 1901, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀, wọ́n sì fi dán oríṣi ìyẹ́ bí 200 wò. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1903, ẹ̀rọ tí wọ́n kàn láti fi fò gbéra. Ìṣẹ́jú àáyá 12 péré! Wọn ò jókòó sunkún. Nígbà tí wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kẹrin lọ́jọ́ yẹn kan náà, ó di 59. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ní ẹ ò ráyè, ẹ sì ń ráyè ròyìn rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí wọ́n bá ti ṣe háà, ara yín a balẹ̀ bí ẹni tó ti parí iṣẹ́. Ìyìn àìtọ́sí yẹn ló ń pa iṣẹ́ yín. Ẹ pa ẹnu dé! Ẹ kọ ọ́, kó burú. Ẹ yà á, kó wọ́. Èyí tó burú ṣeé tún ṣe. Èyí tí kò sí, kí lẹ fẹ́ tún ṣe nínú rẹ̀?

Mo ti kìlọ̀ fún àbúrò mi pé n kò fẹ́ gbọ́ ìtàn odò yẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Kó mú ojú ewé kan wá, bó ti wù kó rí, èmi yóò jókòó kà á.