Èsì wa sí ẹni tó fún wa ní ìràwọ̀ kan lórí táńkì márùn-ún

Ẹ kú ilé o, Ọ̀gá. A rí ohun tí ẹ kọ. A dúpẹ́ pé ẹ ra ọjà lọ́wọ́ wa.

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọjà lọ́wọ́ wa, tó wá jẹ́ pé ìràwọ̀ kan ṣoṣo yìí lẹ kọ́kọ́ bá pàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu tiwa náà. Ohun tí Ọ̀gá kọ kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Wọ́n ní àwọn táńkì kékeré tí a ṣe fún ogun orí tábìlì wọn, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi táńkì àti sọ́jà kéékèèké ta, pẹ́ kó tó dé. Wọ́n ní pàǹtí la kó jọ, pé àwọn rí ọ̀pá bíró níbi tó yẹ kí ìbọn wà. Wọ́n ní ọ̀dà tán mọ́ wa lọ́wọ́ níbi ìdajì ìbọn. Wọ́n ní ọ̀kan kéré ju àwọn yòókù lọ, àti pé “orí táńkì wọn kì í dúró.” Wọ́n wá fi “ẹ má ra nǹkan kan lọ́wọ́ wọn” kádìí rẹ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló jẹ́ kí n dìde lórí oúnjẹ wá kọ èyí.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni Ọ̀gá fi ẹsẹ̀ ara wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Under-G, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbàdàn ni wọ́n ti wá. A fún wọn ní àga, a ra omi tútù fún wọn, wọ́n jókòó fún wákàtí méjì gbáko. Ìwé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ sí ṣì wà lọ́wọ́ ìyàwó mi, òun ló ń tọ́jú ìwé wa. Ìlà àkọ́kọ́ níbẹ̀ kà báyìí: “Mi ò fẹ́ èyí tó máa jọ ti ẹlòmíràn.”

Ẹni tí iṣẹ́ yìí bá ṣàjèjì sí, ẹ jẹ́ n là á yé yín díẹ̀. Kíìtì ni à ń rà, ìyẹn táńkì oníke tó wà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, tí èèyàn máa fi gọ́ọ̀mù tò pọ̀ kó tó kùn ún. Ẹgbẹ̀rún èèyàn ló lè to kíìtì kan náà, kí gbogbo rẹ̀ sì jọra bí ìbejì. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ yàtọ̀ ló ń wá sọ́dọ̀ wa. A ó mú ẹsẹ̀ lára eléyìí, a ó mú orí tó gbé ìbọn lára tọ̀hún, a ó fi bíléèdì gé e, a ó fi pọ́tì dí ojú ibi tó ṣí sílẹ̀, a ó fi sánpépà hó o. Kitbash lorúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pè é. Nínú ṣọ́ọ̀bù wa, “gé e, lẹ̀ ẹ́” là ń pè é. (Àwọn aládùúgbò kan rò pé táńkì omi la ń tà. Lóṣù tó kọjá, bàbá kan wá béèrè ẹlẹ́gbẹ̀rún lítà. Nígbà tí mo gbé Sherman, táńkì ogun Amẹ́ríkà, tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ jáde, bàbá wò mí, wọ́n wo táńkì, wọ́n lọ.)

Ó yá, ká sọ̀rọ̀ bíró.

Bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀pá íǹkì inú bíró ni. A ò jí i gbé sí i, a sọ fún Ọ̀gá níṣojú wọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Firefly ni táńkì náà. Kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wọ Normandy ní ilẹ̀ Faransé ní 1944, wọ́n mú Sherman tí Amẹ́ríkà ṣe, wọ́n yọ ìbọn inú rẹ̀ dànù, wọ́n fi ìbọn tiwọn, 17-pounder, rọ́pò rẹ̀. Ìbọn yẹn tóbi débi pé rédíò kò ráyè jókòó mọ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n dá ẹ̀yìn orí táńkì lu, wọ́n jó àpótí irin mọ́ ọn, wọ́n kó rédíò síbẹ̀. Wọ́n tún lé ọ̀gbẹ́ni tó ń yìnbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ kúrò kí ọta lè rí ibi sùn. Bí gé e, lẹ̀ ẹ́ bá jẹ́ pàǹtí, a jẹ́ pé pàǹtí ni wọ́n gùn lọ bá Jámánì jà nìyẹn. Àwọn Amẹ́ríkà pàápàá, irin tí àwọn Jámánì rì sí etí òkun láti fi dínà mọ́ wọn ni wọ́n hú, tí wọ́n gé, tí wọ́n jó mọ́ imú táńkì bí eyín, kí wọ́n lè fi ya igbó ọgbà àwọn àgbẹ̀ kọjá. Eyín yẹn wà lára táńkì kìíní tí a ṣe fún Ọ̀gá. Ìdí abẹ́rẹ́ dókítà tí a gé la fi ṣe é. Wọn ò rí ìyẹn kí wọ́n bú u, nítorí a kùn ún dáadáa.

Ìbọn 17-pounder tòótọ́ gùn díẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ. Ìwọ̀n 1/56 ni Ọ̀gá ń lò, ìyẹn ni pé a pín ohun gidi sọ́nà 56, a mú ẹyọ kan. Ìbọn náà wá di sẹ̀ǹtímítà méje àtààbọ̀. Ẹ lọ wá nǹkan tó tọ́, tó rí roboto, tó ní ihò nínú, tó sì tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ wá bá mi. Gọ́ọ̀mù ike kì í mú ọ̀pá bíró, a mọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ki wáyà bàbà sínú rẹ̀ láti ìdí dé ọ̀fun, tí wáyà sì wọ inú orí táńkì lọ. Ẹ di ìbọn náà mú, ẹ gbé táńkì sókè. Kò ní já. Ọ̀gá náà dán an wò, kò já.

Ti ọ̀dà tó “tán mọ́ wa lọ́wọ́,” èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí. Nígbà ogun, Firefly ni àwọn Jámánì máa ń kọ́kọ́ dojú ìbọn kọ, nítorí ìbọn rẹ̀ gùn, wọ́n sì ń dá a mọ̀ lókèèrè. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ wá dọ́gbọ́n, wọ́n kun ìdajì iwájú ìbọn ní àwọ̀ mìíràn kí ó lè dà bíi pé ó kúrú. Ohun tí a ṣe nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọmọ iṣẹ́ mi àgbà fi ń ṣe ojú ibi tí àwọ̀ méjèèjì ti pàdé. Bí ẹ bá jókòó lórí àga yín tí ẹ sì rò pé ọ̀dà ló tán, a jẹ́ pé ó tàn yín bó ṣe tan àwọn Jámánì.

Ó pẹ́. A gbà. Ọjọ́ 19 oṣù keje la dá, ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ ló kúrò lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Lọ́jọ́ 12 oṣù keje, ní aago mọ́kànlá kọjá lálẹ́, ta ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé Firefly kan kò tó mọ́, kí a sọ ọ́ di méjì? Kíìtì tí a nílò fún ìyẹn, Èkó la ti rà á, ọjọ́ 22 ló dé. Lẹ́yìn náà ni òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé ìlú yìí mọ òjò oṣù keje. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù tó sì kún fún omi, síprè kì í jọlọ̀, á máa hu funfun bí ẹni pé wọ́n fi efun pa á. Lọ́jọ́ 29, mẹ́ta nínú márùn-ún ló hu efun. A lè kó o fún Ọ̀gá bẹ́ẹ̀, kí a sọ pé eruku ojú ogun ni. A ò ṣe é. A fọ̀ ọ́ kúrò, a tún un kùn. Ká ní ọyẹ́ ló wà níta ni, ọjọ́ kan péré ni ìbá gbà.

Lọ́jọ́ 5, aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, ọmọ iṣẹ́ wa tí à ń pè ní Sọ́jà gbé páálí lọ sí gáráàjì fún wébíìlì. Inú fóòmù ni táńkì kọ̀ọ̀kan wà, oníkálukú nínú ihò tirẹ̀, nítorí gbogbo wa la mọ ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́. Kò kúrò níbẹ̀ títí mọ́tò fi kún. Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, ìṣẹ́jú àáyá 47: “Háà! Ẹ ti pa mí o, èyí mà dáa gan-an!” A ò tíì pa á rẹ́.

Èyí tó kéré ńkọ́? Ọkọ̀ ogun Biafra ni. Red Devil lorúkọ rẹ̀, irin tí wọ́n dè mọ́ ara ọkọ̀ tí kì í ṣe ti ogun tẹ́lẹ̀ láàrin 1967 sí 1970. Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, ó wà ní ilé àkójọ ohun ogun ní Umuahia. (Ẹ má bi mí bí Sherman 1944 àti Red Devil ṣe di ọmọ ogun kan náà. Ogun Ọ̀gá ni, tèmi ni kí n kùn ún.) A sọ pé a máa gbẹ́ ara rẹ̀ látilẹ̀. Ọ̀gá ní rárá, pé ó wọ́n. Wọ́n ti inú àpò wọn mú ọkọ̀ ìṣeré kan tí wọ́n rà lọ́jà jáde, wọ́n ní ìyẹn ni kí a dè nírin. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n níwájú wọn. Sherman tí a ń ṣe gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, èyí kò pé mẹ́jọ. Mo gbé sọ́jà kékeré orí tábìlì kan tì í, orí sọ́jà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Mo ní, “Ọ̀gá, ṣé ẹ rí i?” Wọ́n ní, “Mo rí i, ẹ lọ ṣe é.” Ó wà nínú ìwé, ìlà keje, wọ́n fọwọ́ sí i.

Ohun tí wọn ò kọ rárá ni ti tíná. Lọ́jọ́ 14, wọ́n fi fọ́tò táńkì kejì ránṣẹ́, ṣéènì ẹsẹ̀ rẹ̀ àti gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti yọ́ bí òrí tí oòrùn pa. Àwọ̀ ewé rẹ̀ kò dúdú tó lójú wọn, wọ́n bá fi tíná àwọn tó ń kun mọ́tò nù ún kí wọ́n lè tún un kùn. Ẹ̀yin èèyàn mi! Gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ kíìtì pàápàá, yíyọ́ ló ń yọ́ ike díẹ̀ kí méjèèjì lè di ọ̀kan. Tíná kò mọ díẹ̀. A máa ń fi ìwé ìkìlọ̀ sínú páálí gbogbo oníbàárà. Ó dáa, ìyàwó mi ní ìwé ti tán lọ́jọ́ tí a di ti Ọ̀gá. Síbẹ̀, ta ló ń fi tíná wẹ ike?

Ó ku ti orí tí kì í dúró. Orí kan ni, Ọ̀gá, kì í ṣe “orí táńkì wọn.” Kí alátakò lè mọ ìbọn tí táńkì yín gbé, ó gbọ́dọ̀ fojú rí i lórí tábìlì, nítorí náà la ṣe orí méjì méjì fún Firefly kọ̀ọ̀kan, ìbọn gígùn àti ìbọn kúkúrú, tí èèyàn lè máa pààrọ̀. Òòfà kéékèèké ló ń dì wọ́n mú. Òòfà ní ojú méjì, bí ojú tó yẹ bá kọjú síra, wọn á gbá mọ́ra, bí kò bá yẹ, wọn á lé ara wọn. Ọmọ iṣẹ́ wa tó kéré jù lẹ ọ̀kan sódì. Bí ẹ bá gbé orí yẹn lé e, á ta dànù bí ìrẹ̀. Ọ̀kan péré nínú gbogbo òòfà. Ẹ̀bi wa nìyẹn, mo ti sọ ọ́, mi ò ní tún un sọ.

Nítorí náà, Ọ̀gá, ẹ kó gbogbo márààrún padà wá. A ó yí òòfà padà. A ó fún táńkì tí ẹ fi tíná wẹ̀ ní ẹsẹ̀ tuntun, bí kò tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀bi wa. Red Devil, a ó gbẹ́ òmíràn fún yín ní 1/56, lọ́fẹ̀ẹ́, kí sọ́jà yín lè rí ibi wọ̀. Wébíìlì àlọ àtàbọ̀, ọrùn wa ni. Ìyàwó mi ń wò mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ní kí n rán yín létí pé ₦15,000 ṣì kù nínú ₦190,000, pé àwọn ìlà mẹ́rin yín kò ráyè gbà á. Ẹ mú un dání.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ìràwọ̀ funfun tó máa ń wà lára Sherman Amẹ́ríkà, ẹ ní ẹ ò fẹ́ ẹ lára táńkì kejì. Bó bá dé, a ó kun ọ̀kan sí i fún yín, èyí tí ẹ fún wa.