Ta Ló Fẹ Orí Àwọn Ọmọ Inú Tẹlifíṣàn?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú èèyàn. L'Abẹ́òkúta níbí, láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Sapọ́n, láti Kútò dé Láfẹ́nwá, ẹ ò ní rin jìnnà kí ẹ tó rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan èlò fóònù, tí wọ́n á sọ fún yín pé àwọn ní "eré ọmọdé ayé àtijọ́" nínú fíláàṣì. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí: Tales by Moonlight, Sesame Street, Voltron, SuperTed, gbogbo ẹ̀ pátá, kò sí èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹni tó ti lé lógójì ọdún, tó rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú àti eríálì tí wọ́n ń rán ọmọ lọ yí níta, á tọwọ́ bàpò. Ó dilé kó tó mọ̀ pé gbájúẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òun.

Ẹ ṣáà ṣí fíláàṣì ọ̀hún wò. Ibi tí wọ́n kọ Tales by Moonlight sí, kàtúùnù tí ẹnì kan fi kọ̀ǹpútà ṣe láìpẹ́ yìí ló wà níbẹ̀, ìjàpá tí kò mi ẹnu tó ń fi ohùn ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Voltron ti 1984 lẹ béèrè, ti 2016 ni wọ́n kó síbẹ̀. Orúkọ jọra, kìnnìún márùn-ún wà nínú méjèèjì, ó parí lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ti 1984 yẹn, eré àwọn ará Japan kan ni wọ́n gé tí wọ́n tún tò ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sí. Ẹni tó bá ti wò ó rí kò lè ṣì í mú. Ọmọ tó ń tà á ò wò ó rí, kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Èyí tó bá jẹ́ ojúlówó, orí YouTube ni wọ́n ti wà á. Àwọn tó gbé e síbẹ̀ ń sá fún ètò tó ń mú àwọn tó gbé iṣẹ́ oníṣẹ́, ni wọ́n bá yí àwòrán sódì, apá ọ̀tún di òsì, wọ́n sún un mọ́ ojú, wọ́n mú ohùn yára díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ wo ibi tí àkọlé bá wà: àwọn lẹ́tà á máa kọ ẹ̀yìn síwájú. Èyí tó wá bani nínú jẹ́ jù ni nọ́ńbà fóònù ṣọ́ọ̀bù wọn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, nọ́ńbà pupa tó ń rìn láti ọ̀tún lọ sí òsì láti ìbẹ̀rẹ̀ àlọ́ dé òpin. Ìjàpá ń kó sí wàhálà lọ́wọ́, nọ́ńbà fóònù ń gba ọrùn ẹ̀ kọjá. Ohun tẹ́ ẹ jí, ẹ tún wá ń fi orúkọ yín lé e!

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àwòrán, torí òun ni ìbínú wà. Tẹlifíṣàn ìgbà yẹn, ìbáà jẹ́ dúdú àti funfun onílẹ̀kùn tàbí aláwọ̀, 4:3 ni ojú ẹ̀: bó bá fẹ̀ ní mẹ́rin, á ga ní mẹ́ta. Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ òde òní, 16:9 ni. Bẹ́ ẹ bá fa àwòrán 4:3 tipátipá kó lè kún ojú 16:9, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ á fi ìdá kan nínú mẹ́ta fẹ̀ sí i. Orí ọmọ á di pẹrẹsẹ, ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ á sanra, òṣùpá tó yẹ kó rí róbótó á dà bí ẹyin tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àwọn mìíràn ò fà á, ṣe ni wọ́n gé e. Wọ́n gé òkè, wọ́n gé ìsàlẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin àwòrán ti lọ nìyẹn. Nínú Tales by Moonlight, tí àwọn ọmọ máa ń jókòó yí apàlọ́ ká, ẹ ó máa wo apàlọ́ tí wọ́n ti gé gèlè ẹ̀, àwọn ọmọ tó jókòó sílẹ̀ níwájú á sì ku irun orí nìkan.

Bẹ́ ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á ní oníbàárà ò fẹ́ rí dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Dúdú yẹn ló tọ́! Ẹ fi sílẹ̀ lápá òsì, ẹ fi sílẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ jẹ́ kí àwòrán dúró láàárín bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń yàn án nínú ètò tẹ́ ẹ fi ń ṣe fídíò.

Ti ìlà tún wà níbẹ̀. PAL, ìyẹn ìlànà tí wọ́n fi ń gbé àwòrán jáde, ni tẹlifíṣàn wa ń lò nígbà náà: ìlà 625 ló para pọ̀ di àwòrán kan, àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbé odindi àwòrán wá lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, ìlà kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún lọ bẹ́ẹ̀, kí ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà tó tẹ̀ lé e. Ìdajì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifíṣàn onígò mọ bó ṣe ń tò ó. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ bẹ́ ẹ ò bá sọ fún un. Bẹ́ ẹ bá lẹ ìdajì méjèèjì pọ̀ bó ṣe wá, ohunkóhun tó bá ti rìn, etí ẹ̀ á ya jákujàku. Bẹ́ ẹ bá sì ju ìdajì kan nù kí wàhálà lè dín kù, ìrìn èèyàn á máa gé. Ohun tó yẹ ni kí ìdajì kọ̀ọ̀kan di odindi àwòrán, kí fídíò yín jẹ́ 50 ní ìṣẹ́jú àáyá. HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, ní ibi tí wọ́n ti ń yàn án. Bob ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Kí ló ń le níbẹ̀?

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹnu USB láti fi gba àwòrán látinú ẹ̀rọ fídíò sínú kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ó lè jẹ́ NTSC, ìlànà tí Amẹ́ríkà ń lò nígbà náà, ìlà 525, ni wọ́n tò ó sí láti ilé iṣẹ́. Ẹni tí kò bá yí i sí PAL, àwòrán á máa yí lọ sókè, tàbí kí àwọ̀ pòórá. Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún oníbàárà? "Mọ́mì, ẹ má bínú, bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn, dúdú àti funfun ni wọ́n fi ń ṣe é láyé ìgbà yẹn." Irọ́ funfun báláú! Nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, àwọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ yan PAL, ẹ yan 720×576, ẹ yé purọ́ fún àgbàlagbà.

Àwọn tó ń ba kásẹ́ẹ̀tì jẹ́ ni orí wọn le jù. Ẹni tó ra fíláàṣì burúkú, owó nìkan ló sọnù. Kásẹ́ẹ̀tì VHS tí bàbá ẹnì kan fi gba eré ọmọdé sílẹ̀ ní 1988, ó lè jẹ́ òun nìkan ló kù láyé. Àwọn ọmọ yìí á gbà á lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n á kàn kì í bọ ẹ̀rọ, ó tán.

Ojú fèrèsé kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò, kí wọ́n tan iná sí i. Bí nǹkan funfun bá wà létí tẹ́ẹ̀pù tó ká sí inú yẹn, tó sì ń rùn bí ẹ bá gbé e símú, èbu ni. Ooru Abẹ́òkúta àti ọ̀rinrin ìgbà òjò, pẹ̀lú àpótí abẹ́ ibùsùn tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, kò lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ nù ún. Nínú ẹ̀rọ VHS, ìlù kékeré kan wà tí hẹ́ẹ̀dì, ohun tó ń ka àwòrán, wà lára ẹ̀, mílímítà 62 ni ìbú ẹ̀, ó sì ń yí ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan. Èbu tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á bo hẹ́ẹ̀dì, àwòrán á di kìkì yìnyín. Kásẹ́ẹ̀tì oníbàárà tó bá tẹ̀ lé e, tí tiẹ̀ mọ́ tónítóní, á sì kó èbu tẹni tó ṣáájú lọ sílé. Ẹ rò ó wò!

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń nu hẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á fi òwú tí wọ́n fi ń ro etí, wọ́n á máa fà á sókè sódò. Hẹ́ẹ̀dì yẹn kéré jọjọ, ó sì rọrùn láti kán. Fọ́nrán òwú á há mọ́ ọn, bí wọ́n bá fà á báyìí, ó ti lọ. Awọ rírọ̀ ni wọ́n ń lò, kí wọ́n fi isopropyl, ọtí tí wọ́n fi ń nu nǹkan, èyí tí kò ní omi púpọ̀ nínú, rin ín. Wọ́n á pa iná ẹ̀rọ, wọ́n á gbé awọ yẹn ti ìlù láìtẹ̀ ẹ́, wọ́n á wá fi ọwọ́ kejì yí ìlù fúnra ẹ̀. Awọ kì í rìn, ìlù ló ń rìn. Wọ́n á dúró kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn èyí, kásẹ́ẹ̀tì tó ti wà ní ìjókòó láti ogún ọdún, ẹ yí i lọ dé òpin, kí ẹ yí i padà dé ìbẹ̀rẹ̀, kí tẹ́ẹ̀pù lè tún ara ẹ̀ tò, torí tó bá há, á já. Ẹ tún wo ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì: bí ike kékeré tó ń dáàbò bò ó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ dànù, kí ìka má baà ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì tó ń gbà á sílẹ̀ kí ó pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ẹ rántí LP pẹ̀lú, ìyẹn kí tẹ́ẹ̀pù máa rìn ní ìdajì eré ẹ̀. Tẹ́ẹ̀pù wọ́n nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ilé ló ń fi LP gbà á kí E-180, tó jẹ́ ti wákàtí mẹ́ta, lè gba mẹ́fà. Ẹ̀rọ tí kò ní LP á sáré ka irú ẹ̀, ohùn á di ti èkúté. Wọ́n á ní kásẹ́ẹ̀tì yín ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ yín ni kò tó iṣẹ́.

Kí n má gbàgbé fíláàṣì fúnra ẹ̀. Wọ́n kọ 64 GB sí i lára, 8 ló wà nínú. Orúkọ fáìlì á hàn lódindi, ẹ̀kínní-kejì á ṣí, ẹ̀yìn ìyẹn, òfo. Kí ẹ tó sanwó, èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá ni kí ẹ ní kí wọ́n ṣí, kì í ṣe èyí tó wà lókè. Díì-fíì-dì náà ò sàn jù ú lọ: 4.7 GB ló ń gbà, wákàtí méjì ló bá a mu. Àwọn kó wákàtí méjìlá sí i, ojú èèyàn wá di kìkì onígun mẹ́rin. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò tilẹ̀ pé mọ́, kí lẹ fẹ́ kí ó hàn níbẹ̀?

Kì í sì í ṣe àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù nìkan ló jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn, tí wọ́n ń fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Ilé tó ti ń ṣe eré láti ìgbà yẹn, ó yẹ kí àká ẹ̀ kún. Ṣùgbọ́n tẹ́ẹ̀pù U-matic tí ilé tẹlifíṣàn ń lò, èyí tó gba 60 ìṣẹ́jú, òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, bí náírà sì ṣe já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, kíkọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí ló rọrùn. Ìròyìn ọ̀sẹ̀ yìí á gorí àlọ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Gbogbo ayé ló ṣe irú ẹ̀, BBC náà pa tiwọn rẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n wá a kiri. Ní 2013, wọ́n kéde pé wọ́n rí apá mẹ́sàn-án Doctor Who tó ti sọnù, eré tí wọ́n ṣe ní 1967 sí 1968, ní ilé tẹlifíṣàn kan ní Jos. Ní Jos wa níbí! Fíìmù mílímítà 16 ni, ẹnì kankan ò sì lè kọ nǹkan mìíràn lé fíìmù lórí, ìdí tó fi ṣẹ́ kù nìyẹn. Àwọn òyìnbó wá kó tiwọn nílé wa. Jimi Ṣólàńkẹ́, ọmọ Ìpara Rẹ́mọ tó pa àlọ́ fún ọmọdé lórí tẹlifíṣàn wa, ti kú láti 2024. Ta ló ń wá tiẹ̀ kiri nínú àpótí?

Torí náà ni ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì àwọn ará ilé fi ṣe pàtàkì, òun sì ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù yìí ń fi ṣeré. Wọ́n parí iṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì padà, wọ́n á ní "Ẹ̀gbọ́n, ó ti wà nínú fíláàṣì, kí lẹ tún fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Wọ́n ti dà á nù nìyẹn, tàbí kí wọ́n ti tà á fún ẹni tó ń ra ike. Fíláàṣì lè kú lóru ọjọ́ kan, kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ, ẹ kọ orúkọ yín sí i lára, ẹ san ìdajì owó, kí ìdajì tó kù wà lọ́wọ́ yín títí wọ́n á fi kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì lé yín lọ́wọ́, pẹ̀lú páálí wọn.